Ilé Kì í Dá Sọ̀rọ̀: Ìrántí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti Ilé WASU ní London

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ tẹ́ḿpìlì àti àwọn alájọṣe wa ní Mayesbrook)

    

Ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ akọni ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ mọ̀ pé ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀, a ó jọ pinnu bóyá a ó máa dá owó ilé tàbí a kò ní dá a. Kí a tó nawọ́ sókè, kí a tó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, a rò pé ó yẹ kí a jọ gbọ́ ohun tí ojú àwọn tó ṣáájú wa rí ní ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Odò kékeré kan wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò yìí. Mayes Brook ni wọ́n ń pè é, òun ni àdúgbò fi ń jẹ́ Mayesbrook. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sé odò náà mọ́ ẹ̀yìn ọgbà irin, tó ń ṣàn tààrà bí omi gọ́tà, tí ọmọdé kò lè fi ọwọ́ kàn án. Ní ọdún 2011 ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n la ọ̀nà tuntun fún un, tó fi ń yí kọ́lọkọ̀lọ káàkiri inú ọgbà bí odò ṣe ń ṣe. Àwọn baba wa ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n Mayes Brook fi ẹ̀kọ́ kan kún un fún wa: odò lè má gbàgbé orísun, kí ọmọ aráyé sì sé e mọ́lé. Àfi kí ẹnì kan dìde, kí ó la ọ̀nà fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìrántí rí.

Ilé àtijọ́ kan náà wà nítòsí wa níbí, Eastbury Manor House. Oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Clement Sisley ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1573. Nígbà tó yá, ilé náà di ahoro, ó kù díẹ̀ kí wọ́n wó o. Àwọn tó mọ iyì ohun àtijọ́ ló pariwo, tí National Trust fi rà á ní ọdún 1918. Lónìí, àwọn ọmọ ilé ìwé àdúgbò yìí, tó fi mọ́ àwọn ọmọ tiwa, ń lọ wò ó, wọ́n sì ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. A kò bínú sí èyí rárá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé, bí ilé oníṣòwò kan bá lè ní olùtọ́jú, níbo ni ilé àwọn tó jà fún òmìnira ilẹ̀ wa wà nínú London yìí? Ta ló ń mú àwọn ọmọ wa lọ wò ó?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé náà.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan dé London

Ní ọdún 1922, ọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta dé ìlú ọba láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà, ó ti kàwé ní Fourah Bay College ní Sàró, ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ojú rẹ̀ rí tó. Owó kò sí lọ́wọ́, òtútù ń mú un, àwọn onílé kò sì fẹ́ gba adúláwọ̀ sí yàrá wọn. Yóò kan ilẹ̀kùn, wọn yóò yọjú, wọn yóò ní yàrá ti tán. Ẹ̀yin tí ẹ dé ìlú yìí ní àárín 1960 mọ ohun tí a ń sọ.

Ní ọdún 1924, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kó ohun gbogbo tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ wá fi han aráyé. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ènìyàn wa, wọ́n pè wá ní ajẹ̀nìyàn. Ṣólàńkẹ́ kò dákẹ́. Ó mú kálàmù, ó kọ̀wé fèsì. Ní ọdún kan náà, ó sọ̀rọ̀ lédè Yorùbá lórí rédíò níbí. Àwọn onímọ̀ ìtàn kà á sí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé èdè wa sáfẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni kí ẹ̀yin ará wa láti erékùṣù ti dẹ etí sílẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan ka ìwé tí Ṣólàńkẹ́ kọ, ó sì wá a rí. Amy Ashwood Garvey ni, ọmọ Jàmáíkà, ìyàwó àkọ́fẹ́ Marcus Garvey. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀ ní 1924. Oyè wo ni Ṣólàńkẹ́ fi ta á lọ́rẹ? Ìyálóde. Ẹ wò ó o. Obìnrin tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú kọjá òkun, ọmọ Ẹ̀gbá rí i ní London, ó ní ìyá wa nìyí. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Bankole-Bright, ọmọ Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin bíi mọ́kànlélógún, dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ WASU. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú orúkọ náà: wàásù. Ní 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Mélòó nínú wa ló mọ̀ nígbà tí ọjọ́ náà kọjá?

Ta ló kọ́kọ́ fún wọn ní òrùlé?

Ẹgbẹ́ wà, ṣùgbọ́n ilé kò sí. Ibi tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń pàdé sí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ní ọdún 1928, ẹnì kan fún wọn nílé láti lò ní Castletown Road, ní West Kensington, nọ́ḿbà 57. Kì í ṣe ìjọba ló fún wọn, kì í ṣe oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì. Marcus Garvey ni. Ọmọ àwọn tí a tà lẹ́rú ló kọ́kọ́ na òrùlé bo orí àwọn ọmọ tó kù nílé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún ń bi yín pé kí ló da ọmọ Jàmáíkà àti ọmọ Yorùbá pọ̀, ẹ dárúkọ ilé yẹn fún un.

Ilé ọ̀fẹ́ kì í pẹ́. Ìgbà tí àkókò rẹ̀ pé, Ṣólàńkẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Áfíríkà ní 1929. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń kiri, Nàìjíríà, Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, Sàró, Gáńbíà, tó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba àti tálákà. Ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sanwó orí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń bẹ̀ kí wọ́n tún dáwó, kí ọmọ wọn lè rí ibi sùn nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sì dá a. Ní 1933, ilé WASU ṣí ní nọ́ḿbà 62, Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ni ìyá ilé, tó ń bójú tó oúnjẹ àti ìtọ́jú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. A fẹ́ kí a rántí obìnrin yìí pẹ̀lú. Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn akọni, a máa ń ka ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, a kì í ka ẹni tó gbé ìkòkò kaná kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀.

Nígbà náà ni ìjọba náà fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀. Wọ́n ṣí Aggrey House ní 1934. WASU kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fún ọ nílé lè máa gbọ́ ohun tí o ń sọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà, ó mú ìnira bá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò yí padà. Paul Robeson, akọrin tí bàbá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí ní Amẹ́ríkà kó tó sá, dúró tì wọ́n. Ní 1938, wọ́n kó lọ sí ilé mìíràn, nọ́ḿbà 1, South Villas, ní Camden Square.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú ilé yẹn? Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jó, wọ́n ń jiyàn. Wọ́n ń bá àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì jókòó, tí wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ní oṣù kẹjọ 1941, Clement Attlee, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mínísítà ìjọba Churchill, wá bá WASU sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kó yé wọn pé ìlérí òmìnira tí Churchill àti Roosevelt ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Kò pé oṣù kan, Churchill dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ Jámánì ni òun ń sọ. WASU kò sun. Ní oṣù kẹrin 1942, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba: kí wọ́n fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní agbára láti ṣàkóso ara wọn nílé lójú ẹsẹ̀, kí òmìnira pátápátá sì dé láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Ẹ ronú sí i. Ogun ń jà lọ́wọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ọmọ ogun kankan jókòó sínú ilé kan ní Camden, wọ́n ń dá ọjọ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, Kwame Nkrumah dé, ó sì di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà.

Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957. Ṣólàńkẹ́ rí i. Ti Nàìjíríà dé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1960. Ṣólàńkẹ́ kò rí i. Ó ti kú ní London níbí ní oṣù kẹsàn-án 1958. Agbára rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ti dín kù kó tó kú, àwọn ọ̀dọ́ ti gba ọ̀nà tiwọn. Bí ó ti ń rí nìyẹn. Ẹni tó gbin igi kọ́ ló máa ń jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀.

Ilé kan ní Mẹ́síkò

Ẹnì kan lè sọ pé: bí àwọn ènìyàn inú ilé bá ti lọ, kí la tún ń fi ilé ṣe? Ẹ jẹ́ kí a rékọjá òkun díẹ̀, kí a wo ilé kan tí àwọn ọ̀tá akọni ló fi ṣe ibi ikú rẹ̀, tó sì di ilé ìrántí rẹ̀.

Ní Cuilápam, ní ìpínlẹ̀ Oaxaca ní Mẹ́síkò, ilé ńlá kan wà tí àwọn fadá Dominican bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní nǹkan bí àárín ọdún 1550. Wọn kò kọ́ ọ parí. Apá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò ní òrùlé títí di òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Vicente Guerrero ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 1831.

Ta ni Guerrero? A bí i ní Tixtla ní 1782. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ìbaaka ni ó fi ń kó ẹrù gba orí òkè kiri, ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní 1810, ó wọlé. Spéènì pa Morelos, ọ̀gá rẹ̀, ní 1815. Ọ̀pọ̀ ènìyàn túúbá. Guerrero kò túúbá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní Mẹ́síkò pé bàbá rẹ̀ gan-an wá bẹ̀ ẹ́ kí ó gbà fún ọba Spéènì, ó sì dá a lóhùn pé ilẹ̀ òun ló ṣáájú. Òmìnira dé ní 1821. Ní 1829, ọmọ onìbaaka di ààrẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó pàṣẹ pé oko ẹrú ti parí ní Mẹ́síkò. Ọdún mẹ́rin kọjá kí ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún àwọn erékùṣù tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ.

Kí ọdún náà tó parí, igbákejì rẹ̀ ti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1831, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Picaluga pè é wá jẹun nínú ọkọ̀ ní Acapulco. Àwo oúnjẹ ni wọ́n fi mú un. Ó ti tà á fún ìjọba. 50,000 pésò ni iye tí ìtàn máa ń dárúkọ. Wọ́n gbé e lọ sí Oaxaca, wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n sì mú un lọ sí ilé àwọn fadá ní Cuilápam.

Àwọn tó pa á rò pé ó tán. Kò tán. Lónìí, Cuilápam de Guerrero ni orúkọ ìlú náà. Odindi ìpínlẹ̀ kan ń jẹ́ Guerrero láti 1849. Ní 1925, ọdún kan náà tí a dá WASU sílẹ̀, wọ́n gbé egungun rẹ̀ sí abẹ́ Òpó Òmìnira ní olú ìlú. Ènìyàn sì ń lọ sí ilé náà láti rí ibi tí ó ti ṣubú.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Orúkọ wà, ilé wà, òpó wà, síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yin Guerrero láìsọ pé ọmọ Áfíríkà ni. Ọdún 2019 ni òfin ilẹ̀ Mẹ́síkò tó dárúkọ àwọn ọmọ ìran Áfíríkà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ènìyàn tó ní ìran Áfíríkà ni àwọn. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ilé kì í dá sọ̀rọ̀. Òkúta kò sọ àwọ̀ ẹni tí wọ́n pa síwájú rẹ̀. Àfi kí ènìyàn dúró níbẹ̀ kó sọ ọ́.

Ti àwa ńkọ́?

Ní ọdún tó kọjá, ẹ rántí òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún wa. A dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí a ti sanwó rẹ̀, a bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n ti gbà á fún ẹlòmíràn. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òjò ń rọ̀, a fi aṣọ bo ìlù, àwọn ìyá gbé ìkòkò oúnjẹ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan bi wá pé, “Ṣé àwa ò nílé ni?” Kò sí àgbà kan nínú wa tó rí èsì fún un. Ìbéèrè ọmọ yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín lónìí.

Àwọn kan nínú wa ní kí a má dá owó ilé, kí a fi ránṣẹ́ sílé, nítorí ilé ni a ó padà sí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tó bá so ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ṣólàńkẹ́. Ilé tó kọ́ ní London kò mú un gbàgbé Abẹ́òkúta. Inú ilé London yẹn ni ó ti ń jà fún Abẹ́òkúta. Àwọn mìíràn ní ilé ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Òótọ́ ni, WASU náà jà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò ní ilé náà ń jà, ìta ni ó ti ń jà, àjèjì sì ń wò ó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a gbé síwájú yín.

Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan dá ohun tí agbára rẹ̀ ká lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré tó, kí a sì máa ka ìṣirò owó náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Tálákà ló kọ́ ilé WASU pẹ̀lú ọba. A kò ní dúró de olówó.

Èkejì, ní gbogbo ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, kí a kó àwọn ọmọ wa rìn. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní Castletown Road, kí a dé Camden Road, kí a parí rẹ̀ ní South Villas. Àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé ibẹ̀, a kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀bá ọ̀nà ni a ó dúró sí. A ó sọ orúkọ Ṣólàńkẹ́, a ó sọ ti Ọpẹ́olú, a ó sọ ti Ìyálóde Amy àti ti Garvey. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń ra òdòdó fún olólùfẹ́, kí a máa sọ ìtàn Guerrero fún wọn pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ti àgbà kan, kí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tí ó dé, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àwọn àgbà wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lọ láìsọ ọ́ ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ.

Bí a bá rí ilé náà rà, kí a má rò pé iṣẹ́ parí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ìtàn yóò bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá sì tíì rí i rà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn kẹ́wọ́ láti dákẹ́. Ṣólàńkẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ kó tó nílé.

Odò tí wọ́n sé mọ́lé ní Mayesbrook ti rí ọ̀nà. Kí tiwa náà rí ọ̀nà. Kí àwọn tó ṣáájú má ṣe di ẹni ìgbàgbé lẹ́nu wa. Kí ọmọ tó béèrè ilé lọ́wọ́ wa nínú òjò dàgbà, kí ó sì rí ilẹ̀kùn tí òun náà yóò ṣí fún ẹlòmíràn.

Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ.